Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé Wa: Ohun Tí À Ń Wá Lọ sí Sókótó

Ìpàdé oṣù tó kọjá kò tètè tú. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ yóò rántí pé ọ̀rọ̀ adìẹ ni ó fà á. Àwọn ìyá wa kan dábàá pé kí á yọ owó nínú àpò ẹgbẹ́, kí á fi ra ìyẹ̀fun fítámì adìẹ ní páálí-páálí, kí á pín in fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn sì mi orí. Alàgbà Alága wá ní kí olúkúlùkù lọ rò ó, kí á lè fi ẹnu kò lórí rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Àwa akọ̀wé yín ti ro tiwa. Èrò wa náà nìyí. A kò kọ ọ́ láti fi tàbùkù ẹnikẹ́ni, nítorí bí ẹ bá kà á síwájú, ẹ ó rí i pé àwa gan-an ni a jẹ̀bi jù.

Ẹni tí kò sin adìẹ lè máa wí pé, "Kí ni ti adìẹ nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́?" Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ bi àwọn ìyá wa léèrè. Nínú owó ẹyin ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń san owó ilé-ìwé ọmọ. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń dá àjọ. Nínú rẹ̀ náà ni a ti ń rí ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sílé nígbà tí ìnáwó bá dé. Ẹni tó wà nílé baba rẹ̀ ní oko tí ó lè sá lọ. Àwa tí a wà ní Lugbe kò ní ju ìwọ̀nba ààyè tó wà láàárín ilé àti ògiri ọgbà lọ, ibẹ̀ ni a sì kan ilé adìẹ sí. Bí ogún tàbí ọgbọ̀n adìẹ bá dẹ́kun yíyé lójijì, ilé odidi kan ni ọwọ́ rẹ̀ ká yẹn.

A kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà, tí owó ọwọ́ sì wọ́n bí imí eégún. Ẹyin kún ilẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó àgbàdo ń gòkè, tí owó sọ́yà ń gòkè, tí àpò fíìdì sì di ohun tí à ń wò lókèèrè. Kí ni a wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. A bẹ̀rẹ̀ sí í lú fíìdì. A ra àpò lẹ́yà kan, a ra àpò dùsà kan lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ àgbàdo, a dà wọ́n pọ̀, a ní àpò kan ti di méjì. Adìẹ jẹ, ikùn rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, èèpo rẹ̀ sì ń rọ̀. Nígbà náà ni a sáré tọ ẹni tí ń ta oògùn adìẹ lọ, òun náà sì nawọ́ ìyẹ̀fun aláwọ̀ ọsàn sí wa, ó ní kí á pò ó sómi.

Àwa náà ṣe é. Adìẹ tó ń yé 30 ni ó wà lẹ́yìn ilé wa ní ọdún tó kọjá. Nígbà tí ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí wa lọ́wọ́, oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi ń ra ìyẹ̀fun yìí, tí a ń pò ó sómi ní àràárọ̀ bí ẹni tí ń ṣe ètùtù. Ẹyin kò le sí i. Adìẹ mẹ́rin dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà wa kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko, wá ra ọṣẹ ní ìsọ̀ wa. A fi ẹyin kan hàn án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ fi ń bọ́ wọn?" A sọ fún un. Ó ní kí á gbé àpò ìyẹ̀fun náà wá. Ó yí i sẹ́yìn, ó kà á, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ohun tó wà nínú èyí kò lè ṣe èèpo ẹyin kan ṣoṣo. Fítámì díẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti oògùn apa-kòkòrò-àrùn, irú èyí tí wọ́n ń fún ènìyàn ní ilé ìwòsàn. Ẹ ti ń ta ẹyin náà láti ìgbà yẹn?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò fèsì.

Ojú tì wá. Lára àwọn tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ wa ni ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. A ti rò ó pé kí á dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ pamọ́. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ìdí rẹ̀ sì nìyí tí a kò fi lè jókòó kí á máa wo ẹgbẹ́ bí ó ṣe fẹ́ fi owó gbogbo wa ra irú rẹ̀ fún ilé púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ọ̀rọ̀ náà bí a ti ń ṣírò ọjà. Èèpo ẹyin kan tó bí i gíráàmù 6 ní ìwọ̀n, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju ẹfun lọ. Èròjà tó mú un le ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kálísíọ̀mù, òun kan náà ni ó ń mú egungun àti eyín wa le. Adìẹ tó ń yé nílò nǹkan bí gíráàmù 4 kálísíọ̀mù lójúmọ́. Adìẹ 30, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 120 ní ọjọ́ kan. Àpò ìyẹ̀fun tí à ń rà, gíráàmù 100 ni a kọ sí i lára, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni a sì ń fi ọ̀kan lò. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé kálísíọ̀mù ni ó kún inú àpò náà láti ẹnu dé ìdí, kò ní tó adìẹ 30 lò fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Níbo wá ni adìẹ ti ń rí ìyókù? Inú egungun ara rẹ̀ ni. Yóò máa ha egungun ara rẹ̀ fi ṣe èèpo ẹyin fún ọ, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ní gbà á dúró mọ́. Ohun tó ṣe adìẹ wa mẹ́rin nìyẹn. Kì í ṣe àìsàn, ebi ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn wọn kún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé a ń bú fítámì. Fítámì kì í ṣe ohun ẹ̀gàn, àní adìẹ ni ó ṣáájú kọ́ aráyé ní ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láàárín ọdún 1890 sí 1900, dókítà ará Holland kan, Christiaan Eijkman, ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Java, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Indonesia lónìí. Àwọn adìẹ tó ń sìn fún iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lẹ́sẹ̀, bí àwọn ènìyàn tó ní àìsàn beriberi nígbà náà. Ó wá ìdí rẹ̀ títí. Ó wá rí i pé ìrẹsì funfun jíjinná láti ilé ìdáná àwọn ológun ni wọ́n ti fi ń bọ́ wọn. Agbásè tuntun dé, ó kọ̀, ó ní ìrẹsì ológun kì í ṣe ti adìẹ. Wọ́n padà sí ìrẹsì tí a kò bó eèrí rẹ̀ dànù, adìẹ sì dìde. Ní ọdún 1929 ni wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Eèrí ni ó wo àwọn adìẹ Java sàn, nítorí eèrí ni kò sí nínú oúnjẹ wọn. Àwa ńkọ́? Eèrí ni dùsà, ó sì ti pọ̀ jù nínú oúnjẹ tiwa. Ohun tó kù fún adìẹ kan kì í ṣe ohun tó kù fún òmíràn. Kí á tó ra àfikún, ó yẹ kí á mọ ohun tó dín.

Ní ti oògùn apa-kòkòrò-àrùn, báwo ni ó ṣe dé inú oúnjẹ adìẹ? Ní ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé bí a bá fi díẹ̀ nínú oògùn Aureomycin sí oúnjẹ òròmọdìẹ, yóò tètè dàgbà. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn ká ayé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1945, Alexander Fleming tó ṣàwárí penicillin ti kìlọ̀ pé bí oògùn tí a lò bá kéré jù, kòkòrò àrùn kò ní kú, ńṣe ni yóò mọ̀ ọ́n gbà. Sweden fi òfin dá lílò rẹ̀ fún mímú ẹran dàgbà dúró ní 1986, gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù tó wà ní ìṣọ̀kan sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2006. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí dókítà máa fún un ní oògùn, kí oògùn má sì ràn án mọ́. Nítorí náà, ẹ máa yí àpò sẹ́yìn kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí orúkọ tó parí sí "cycline", tàbí "mycin", tàbí "floxacin", oògùn ni, kì í ṣe oúnjẹ. Dókítà ẹranko ni kí ó sọ ìgbà tí a ó lò ó, àti iye ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ jẹ tàbí ta ẹyin adìẹ náà.

Ẹ wo adìẹ àwọn Gbàgyí onílẹ̀, tí wọ́n ti ń gbé níhìn-ín tipẹ́ kí ìjọba tó sọ ilẹ̀ yìí di ti olú-ìlú ní 1976. Ẹ rántí adìẹ ìyá yín náà nílé. Ta ni ó ra ìyẹ̀fun fún un? Síbẹ̀, èèpo ẹyin rẹ̀ le. Ìdí ni pé adìẹ tó ń rìn kiri ń wá àfikún tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń ṣa ikán, ó ń já ewé, ó ń ṣa òkúta àti èérún ìkarahun. Àwa ni a ti tiwa mọ́lé. Adìẹ tí a tì mọ́lé kò lè lọ wá tirẹ̀, àwa ni a gbọdọ̀ gbé e wá fún un. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.

Èkíní ni ẹfun. Ní gbogbo ìkóríta Lugbe ni máí ṣáyì ti ń dín ẹyin láràárọ̀, tí ó sì ń da èèpo rẹ̀ nù. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó máa kó o sínú garawa fún yín. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yan án nínú agbada títí yóò fi gbẹ táútáú, kí kòkòrò àrùn lè kú, kí ẹ sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí adìẹ má baà dá a mọ̀ kí ó sì kọ́ àṣà jíjẹ ẹyin ara rẹ̀. Ìkarahun ìgbín àti ti ìsáwùrú tí a gún náà dára. Bí wọn kò bá tó, òkúta ẹfun lílọ̀, tí àwọn tó ń ta fíìdì ń pè ní láìmúsítóònù, wà. Gíráàmù 10 rẹ̀ lójúmọ́ tó adìẹ kan tí kò rí ẹfun níbòmíràn. Ti adìẹ 30 jẹ́ bí i kílò 9 lóṣù, àpò kílò 25 yóò sì tó wọn fún nǹkan bí oṣù méjì àtààbọ̀. Bí ìdajì oúnjẹ wọn bá ṣì jẹ́ lẹ́yà, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ tó. Ẹ gbé e sínú abọ́ ọ̀tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí òru ni adìẹ ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú èèpo ẹyin. Ẹ má fi fún òròmọdìẹ, yóò ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Èkejì ni oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, tí dùsà kò ní tó. Fíìdì adìẹ tó ń yé yẹ kí ó ní i tó bí ìdá 16 tàbí 17 nínú 100. Sọ́yà ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ẹ gbọdọ̀ yan án. Sọ́yà tútù kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú adìẹ. Èérún ẹ̀pà tí a ti fún epo rẹ̀ wà lọ́jà, a sì lè rí ẹ̀jẹ̀ màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà, kí á sè é, kí á sá a gbẹ, kí á fi díẹ̀ kún un. Ikán tí ọmọ gbẹ́ wá náà kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹ̀kẹta ni ewé. Ewé zógálè àti ti tẹ̀tẹ̀ dára púpọ̀, inú wọn ni fítámì tòótọ́ wà. Ẹni tí àgbàdo funfun ni ó fi ń bọ́ adìẹ, tí ó ń ráhùn pé inú ẹyin rẹ̀ kò pọ́n, ewé ni kí ó fi kún un.

Ẹ̀kẹrin ni òkúta. Ẹ ti gbọ́ òwe àwọn baba wa pé adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun kò léyín. Ìdérègbè tó léyín ń gbé irin mì bí? Òkúta náà ni eyín adìẹ, inú iwe rẹ̀ ni ó ti ń fi lọ ohun tó jẹ. Ẹni tó ń fún adìẹ àhámọ́ ní ọkà bàbà tàbí jéró lódindi, kí ó fi yanrìn onírúgúdú sí abọ́ kan fún un. Ìkarahun kò lè ṣe iṣẹ́ òkúta, òkúta náà kò sì lè ṣe iṣẹ́ ìkarahun.

Ẹ̀karùn-ún, omi àti ibòji. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, adìẹ a máa mí hẹlẹhẹlẹ, mímí bẹ́ẹ̀ sì ń mú kí èèpo ẹyin fẹ́lẹ́. Omi tútù lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ kò náni ní nǹkan kan.

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Nítorí pé ẹ̀pà pọ̀ ní ìhà Àríwá, a máa ń ra èyí tó ti bu ní owó pọ́ọ́kú, a ní adìẹ ni yóò jẹ ẹ́. Ní ọdún 1960, ó ju 100,000 tòlótòló tó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ kiri kí wọ́n tó rí i pé èérún ẹ̀pà tó wá láti Brazil, tí ó ti bu, ni májèlé náà wà nínú rẹ̀. Aflatoxin ni wọ́n sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́, ti adìẹ àti ti ènìyàn bákan náà. Ẹ má gbé àpò oúnjẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìgbà òjò, ẹ fi pákó sí i nídìí. Ohun tó bá ti bu, ẹ dà á nù, kí ó dùn yín.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé, "Ṣé ìyẹ̀fun fítámì kò wúlò rárá ni?" Ó wúlò. Fítámì lásán, tí kò ní oògùn nínú, dára fún òròmọdìẹ ní ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé, fún adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìnàjò dé, àti fún èyí tó ń bọ́ nínú àìsàn. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni. Kì í ṣe ohun tí a ó máa fún wọn ní àràárọ̀ títí ayé, kì í sì í dí àlàfo tí lílú fíìdì dá sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í dá lúkúlúkú dúró. Àrùn yìí, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Newcastle, ni a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ pé ó jà ní orílẹ̀-èdè wa ní agbègbè Ìbàdàn ní 1952, ìgbà ọyẹ́ ni ó sì máa ń jà jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni olórí ààbò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko tó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é. Ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ ni pé ìgò kan lè tó adìẹ 100 tàbí 200, bí a bá sì ti pò ó, kò ṣeé tọ́jú di ọjọ́ kejì. Ta ni yóò ra ti 200 fún adìẹ 15? Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ẹgbẹ́ wà fún. Ohun tí ọwọ́ ẹnìkan kò ká, ọwọ́ gbogbo wa ká a.

Nítorí náà, àbá tiwa rèé. Kí owó tí a fẹ́ fi ra ìyẹ̀fun di owó ohun mẹ́ta. Kí á fi ra òkúta ẹfun lílọ̀ ní àpò-àpò, kí á máa wọ̀n ọ́n fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tí a rà á. Kí á yan ọjọ́ kan kí ọyẹ́ tó dé, kí á pe dókítà ẹranko, kí gbogbo ilé gba àjẹsára adìẹ wọn lọ́jọ́ kan náà. Kí á sì fẹnu kò pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fún adìẹ ní oògùn kò ní ta ẹyin rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ọjọ́ tí dókítà dá fún un yóò fi pé. Àwa akọ̀wé yín ni a ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Àlejò ni wá ní ilẹ̀ yìí. Orúkọ rere ni ọjà tí a gbé wá láti ilé, ẹyin tí a bá tà fún aládùúgbò sì wà lára rẹ̀. Adìẹ wa 26 tó ṣẹ́kù ti ń yé padà, èèpo ẹyin wọn sì le, láìsí ìyẹ̀fun. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó yà wò wọ́n kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Kí Olúwa bù sí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa, kí ó sì mú wa délé láyọ̀. Àṣẹ.